Iná tí èmi fúnra mi dá, tí mo torí ẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ mi

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á tán.

Àwọn tó ti pẹ́ níbí á rántí pé ní January 2023, èmi ni mo kọ ọ́ sójú ewé yìí pé ilé búrẹ́dì wa ní Adankolo jóná, pé ọmọ iṣẹ́ tí a fi ṣọ́ ààrò ló sùn lọ tí iná fi ran òrùlé. Ẹ bá mi kẹ́dùn. Ẹ dáwó fún mi. Àwọn kan nínú yín tiẹ̀ fi ọmọ náà gégùn-ún. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn o. Nígbà tí mo kọ ọ́, mo gbà pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ẹnu mi ló sì ti jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wá kó jẹ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá sí Lọ́kọ́ja, nígbà tí ìlú yìí ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, kí ìjọba tó dá Kogi sílẹ̀ ní August 1991. Búrẹ́dì ni wọ́n fi tọ́ wa. Wọ́n fi bíríkì àti amọ̀ mọ ààrò ńlá kan. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹnu iná ẹ̀ wà, ọ̀pá èéfín ẹ̀ sì jẹ́ páìpù irin tó la òrùlé páànù kọjá sókè. Igi ni wọ́n ń dá sí i. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi á gun òrùlé, wọ́n á so ṣéènì mọ́ àpò kan tí wọ́n ki imọ̀ ọ̀pẹ sí, wọ́n á sọ ọ́ sínú ọ̀pá náà, wọ́n á máa fà á sókè sódò. Èérí dúdú á máa dà wùrùwùrù sínú ààrò. Àwa ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín, torí pé tí wọ́n bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, ẹyinjú wọn nìkan ló máa ń funfun.

Kò sí ìgbà kan tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe é fún. Nígbà tí agbára wọn dínkù tí iṣẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo ra ààrò tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ààrò bàbá mi wá di ibi tí à ń kó àpò fúláwà òfìfo sí. Bàbá mi kú, ṣéènì yẹn sì sọnù.

Ìgbà tó di October 2022, omi dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́kọ́ja nígbà yẹn, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn fún yín. Odò Ọya àti Bẹ́núé kún pọ̀, Ganaja, Adankolo, gbogbo ibi tó sún mọ́ etí odò ló rì. Omi gé ọ̀nà Àbújá ní Koton-Karfe, ọkọ̀ elépo ò rí ọ̀nà kọjá. Omi wọ inú ẹ̀rọ ààrò dísẹ́ẹ̀lì mi, ó bà á jẹ́ pátápátá. Ààrò bàbá mi ga nílẹ̀, ìdí ẹ̀ nìkan ni omi dé. Nígbà tí omi fà, mo kó àpò fúláwà kúrò níbẹ̀, mo ní kí a dáná sí i. Ebi ò mọ̀ pé omi ya wọlé, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun.

Igi dà? Èyí tó wà nílẹ̀ ti mu omi yó. Mo kó o jọ gègèrè, mo fi tápólì bò ó mọ́lẹ̀ kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Èyí tí mo lọ rà kún un, tútù ni, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni. Igi wọ́n nígbà yẹn, ni mo bá ń ṣọ́ ọ ná. Àwo irin pẹlẹbẹ kan wà lára ọ̀pá èéfín náà tí a fi ń dín afẹ́fẹ́ kù. Tí a bá ti yan búrẹ́dì alẹ́ tán, màá ki igi tútù kún ẹnu iná, màá sì fi àwo yẹn dí ọ̀nà èéfín, ó kù díẹ̀ kó pa dé. Iná á máa rú túú títí di ìdájí, ààrò ò ní tutù, igi ò sì ní tètè tán. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ọmọ iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, ọmọ Kábà ni, ọmọ ọdún 17, ọdún kejì ẹ̀ lọ́dọ̀ mi ló wà. Lọ́jọ́ kan ní December, ó pè mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo ọ̀pá yìí o. Ó ń sunkún." Mo wò ó. Omi dúdú kan tó ki bí ọ̀dà títì ń ṣàn bọ̀ láti ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀, òórùn ẹ̀ le, ó ń ta síni nímú. Mo fi àkísà nù ún. Mo ní, "Omi tó wọlé lọ́jọ́sí ló ṣì ń jáde. Lọ po fúláwà."

Nígbà tó yá, ó tún wá. Ó ní èéfín ti ń padà wá láti ẹnu iná, pé kí òun gun òrùlé lọ wo inú ọ̀pá náà. Mo ní, "Ta ni yóò po búrẹ́dì tí o bá gun òrùlé? Ṣé òrùlé la ń tà lọ́jà ni?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì o. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì January, ọyẹ́ mú gan-an. Ẹnì kan fún mi ní àwọn pákó gbígbẹ tó ti fọ́, mo ní kí ọmọ náà kó wọn sí i nídàájí kí ààrò lè tètè gbóná. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Kò ì tí ì tó aago mẹ́rin tí mo gbọ́ ariwo láti inú yàrá mi. Ariwo náà dà bí ìgbà tí tírélà ń gun òkè. Mo sáré jáde, mo rí ọ̀pá èéfín wa tó pọ́n fòò, iná ń tú jáde lórí ẹ̀ bí ẹni yin báńgà ọdún tuntun. Kí n tó dé ibẹ̀, igi òrùlé tó sún mọ́ páìpù ti gbiná. Ọmọ náà ti jí àwọn tó kù, ó ti gbé sílíńdà gáàsì méjèèjì jáde, ó ń fi ṣọ́bìrì da yanrìn sẹ́nu ààrò. Àwọn aládùúgbò jáde, Ẹ̀bìrà, Núpé, Ígálà, Haúsá, gbogbo wọn ló gbé garawa omi. Ìdajì òrùlé lọ. Ẹ̀mí kankan ò lọ, Ọlọ́run ló ṣe é.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi í pé, "Ṣé o sùn?" Ó ní, "Mo sùn díẹ̀, Ọ̀gá, lẹ́yìn tí mo kó pákó sí i tán. Ariwo ló jí mi." Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lé e. Mi ò dá owó tí ìyá ẹ̀ san fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ padà. Mo jókòó, mo mú fóònù, mo kọ ohun tí ẹ kà.

Ní April, mo pe wẹ́dà kan pé kó wá gé páìpù àtijọ́ kúrò, kó jó tuntun. Bàbá àgbàlagbà ni, ọmọ Ẹ̀bìrà. Ó gé apá ìsàlẹ̀ tí iná ò jó tán, ó fi òòlù gbá a. Ohun kan tó dúdú, tó ń dán bí dígí, bẹ̀rẹ̀ sí já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó nípọn tó ìka ọwọ́. Páìpù tí ọmọdé lè ki orí bọ̀, ihò tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ ò ju ìkúùkù lọ. Bàbá náà mú ẹyọ kan, wọ́n jù ú sínú iná èédú. Ó hó, lẹ́yìn náà ó gbiná bí ọ̀rá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọ̀gá oníbúrẹ́dì, ìwọ lo kó epo sórí òrùlé ara ẹ."

Ara mi tutù. Ẹkún tí ọmọ yẹn rí rèé. Mo kó díẹ̀ nínú ẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń gbé ní Jámánì, torí mo mọ̀ pé igi ni wọ́n ń dá nílé wọn nígbà òtútù. Ó ní, "Àbùrò, creosote nìyẹn." Ó ní níbẹ̀, òfin ló ní kí àwọn tó ń gbá ọ̀pá èéfín máa wọlé olúkúlùkù wá, onílé ò lè lé wọn. Ó ní wọ́n tiẹ̀ gbà pé oríire ni kéèyàn bá wọn pàdé lọ́nà. Mo ní àwa náà ní tiwa nílé, orí òrùlé ló máa ń wà lọ́jọ́ Sátidé, a kàn fi í rẹ́rìn-ín ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ rèé, mo fẹ́ kó yé ọmọdé àti àgbà. Èéfín kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Apá kan lára igi tí kò rí iná jó tán ló ń bá èéfín gòkè. Tí iná bá mọ́lẹ̀ tó sì gbóná, púpọ̀ nínú ẹ̀ á jó tán nínú ààrò, ìyókù á bá ọ̀nà ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí igi bá tútù, ooru tí ì bá yan búrẹ́dì á kọ́kọ́ máa fi omi inú igi ṣeré. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n ẹ̀. Iná á wá rọ, èéfín á ki, á sì tutù. Bí èéfín bẹ́ẹ̀ bá kan ara páìpù tí kò gbóná tó 120°C, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí ooru ọbẹ̀ ń di omi lábẹ́ ọmọrí ìkòkò. Lákọ̀ọ́kọ́ ó dà bí lúbúlúbú tí ìgbálẹ̀ lè gbá. Tó bá yá, á di èépá tó le. Tó bá pẹ́, á di ọ̀dà tó ń dán, irin ni wọ́n fi ń ha á. Ní alaalẹ́ ni mo ń fi kún un fún oṣù méjì, pẹ̀lú igi tútù àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí mo dí. Pákó gbígbẹ ọjọ́ kan ṣoṣo ló wá ṣáná sí i. Iná inú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lè gbóná ju 1000°C lọ. Ta ni òrùlé tó máa dúró níwájú ẹ̀?

Ṣé ọmọ yẹn sùn? Bẹ́ẹ̀ ni, ó sùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lajú sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, iná yẹn á ṣì jó. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi ni mo fi iná sórí òrùlé, tí mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ sùn sábẹ́ ẹ̀.

Iná oníbúrẹ́dì ò ṣeé fojú tín-ín-rín. Ilé oníbúrẹ́dì kan ní Pudding Lane ni iná ńlá London ti bẹ̀rẹ̀ ní September 1666. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jó, ó sì run ilé tó lé ní 13,000. Àwọn aládùúgbò wa ní Adankolo ò mọ̀ pé ohun tí mò ń kó sórí wọn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí à ń ṣe báyìí, fún ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, àti ẹ̀yin tí ẹ ti padà sí igi látìgbà tí gáàsì ti wọ́n.

Igi gbọ́dọ̀ gbẹ. À ń là á wẹ́wẹ́, à ń tò ó sórí búlọ́ọ̀kù kó má kan ilẹ̀, a fi páànù bo orí ẹ̀, ṣùgbọ́n a fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ẹ̀. Tápólì tí mo fi bò ó délẹ̀ nígbà yẹn, omi ló ń sé mọ́nú igi. Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà. Èyí tí a bá là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, òjò tó ń bọ̀ la fi ń jó o. Àyìn, èmì, kajú, máńgòrò, èyí tó wù kó jẹ́, ẹ gbá méjì mọ́ra wọn. Èyí tó gbẹ á dún ko-ko, orí ẹ̀ á ti sán. Èyí tó tútù á dún pọ̀, bí ẹni lu ilẹ̀.

Ẹ má sé iná mọ́lẹ̀. Iná kékeré tó ń jó dáadáa sàn ju iná ńlá tó ń rú túú lọ. Àwo irin yẹn, mo ti ní kí wẹ́dà gé apá kan lára ẹ̀ kí ó má lè pa dé tán mọ́. Igi tí mo rò pé mò ń ṣọ́ ná nígbà yẹn, inú ọ̀pá ló ń lẹ̀ mọ́.

Ẹ máa gbá ọ̀pá yín. Mo ti ra ṣéènì mìíràn, Sátidé méjì-méjì ti padà. Tí èérí ara páìpù bá ti nípọn tó 3 mm, ẹ má dáná sí i mọ́ àyàfi tí ẹ bá gbá a. Ẹ jẹ́ kí ààrò tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó gun òkè, kẹ́ ẹ di imú, kẹ́ ẹ sì wẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Láti 1775 ni dókítà ará London kan tó ń jẹ́ Percivall Pott ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èérí yìí ń fa jẹjẹrẹ sára àwọn tó ń gbá ọ̀pá èéfín.

Páìpù irin ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ igi òrùlé. Ìgbọ̀nwọ́ kan, ó kéré tán, ló yẹ kó wà láàárín wọn. Tiwa fẹnu kanra ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí yàrá ààrò, bí ọyẹ́ ti wù kó mú tó. Tí ọ̀pá bá dí, afẹ́fẹ́ olóró kan wà tó ń padà wọlé tí kò ní òórùn, tí ojú ò rí. Ẹni tó ń sùn ò ní mọ̀, kò sì ní jí. Ìgbà tí mo mọ èyí, mo rántí oṣù méjì tí ọmọ yẹn fi sùn sórí àpò fúláwà níwájú ààrò tó ń da èéfín padà. Mo jókòó sílẹ̀.

Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọ̀pá gbiná, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, ẹ ti ẹnu iná kí afẹ́fẹ́ má wọlé, ẹ da yanrìn sí i, ẹ pe 112. Ẹ má da omi sínú ọ̀pá tó ń jó, ó lè bẹ́. Ẹ ó rí i pé gbogbo ohun tí ọmọ ọdún 17 ṣe nídàájí yẹn ló tọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan ẹja létí odò, èéfín ni iṣẹ́ yín, mo mọ̀. Ẹ kàn wo abẹ́ òrùlé ibi tí ẹ ti ń yan án. Tó bá dúdú tó ń dán, ẹ há a kúrò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé.

Ní ìparí April yẹn, mo lọ sí Kábà. A gba Ọbájánà kọjá, mi ò lè bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Mo bá ìyá ọmọ náà lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Òkun o, Mọ̀mọ́." Wọ́n dá mi lóhùn, wọn ò ní kí n dìde. Mo yọ èérí dúdú yẹn nínú ọ̀rá, mo ṣàlàyé. Mo gbé owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà kalẹ̀, àti owó iṣẹ́ ọdún méjì lé e. Wọ́n gba owó náà. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ṣé inú ilé mi níbí lẹ ti ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́ ni? Ibi tí ẹ ti bà á jẹ́, ẹ padà síbẹ̀ lọ tún un ṣe."

Ó ti pẹ́ kí n tó ṣe é. Ìtìjú ni. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín tún fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ nípàdé wa pé ẹ rí i, bí ọmọ Kábà yẹn ṣe sun ilé búrẹ́dì. Mo wà níjókòó. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo délé, oorun ò kùn mí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ọmọ yẹn ò sun ilé búrẹ́dì mi. Òun ló rí i, òun ló sọ ọ́, òun ló kó wa jáde. Èmi ni mo dá iná náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọmọdé wà nílé mi, ni mo bá lé e jáde. Ẹ̀yin tí ẹ dáwó fún mi lórí irọ́ yẹn, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, màá dá a padà díẹ̀díẹ̀.

Òun fúnra ẹ̀ ò padà wá sọ́dọ̀ mi, mi ò sì dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Kábà, ó jáde kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló ń sùn nídìí ààrò báyìí?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan mọ́.

Ó ní, "Ó dáa." Ó bá wọlé lọ.